Àdììtú Tó Pa Bàbá Lẹ́rìn-ín

Bàtà ọ̀tún rẹ̀ dúdú, tòsì pọ́n, kò sì jọ pé ó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn, tó na bébà kan sí ọmọbìnrin tó jẹ́ olóòtú ojú ìwé ayò ṣẹ́ẹ̀sì.

"Kọ̀ǹpútà mi ló hun àdììtú yìí," ó ní. "Kí funfun há ọba dúdú mọ́ ní ìrìn méjì."

Olóòtú wò ó fìrí. "Ìdáhùn méjì ló ní. Àdììtú tó bá ti ju ìdáhùn kan lọ, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣé ẹ̀rọ yín náà ló bá yín wọ bàtà?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ojú tì í. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá olóòtú. Kò pẹ́ tí ìfẹ́ fi wọ̀ wọ́n lára.

Ó wá ku bàbá olóòtú. Àdììtú ṣẹ́ẹ̀sì ni bàbá ti ń fi ọpọlọ ara rẹ̀ hun láti ìgbà èwe. "Mi ò ní fọmọ fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ronú," ó ní. "Àfi tí ẹ̀rọ náà bá hun èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín."

Àṣé bàbá ò mọ irú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo Sátidé ni ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbé tuntun dé. Bàbá á wò ó, á ní, "Ó tọ̀nà. Kò dùn," á sì dá a padà.

"Olólùfẹ́ mi, kò tíì sú ọ?" olóòtú bi í.

"Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n àìmọye ni ẹ̀rọ yìí ń hun, gbogbo wọn ló sì tọ̀nà lójú mi."

"Ó dáa, kó wọn wá."

Olóòtú jókòó tì í, ó ń wò, ó ń jù nù, títí ojú fi ń ta á. Lójijì, ó bú sẹ́rìn-ín.

Èyí ni wọ́n gbé fún bàbá. Ayaba funfun mọ̀ọ́mọ̀ rìn síbi tí wọ́n ti lè pa á. Bí wọ́n pa á, bí wọn ò pa á, ọba dúdú ti há. Ikùn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn mọ̀ pé ó dùn báyìí?"

Olóòtú wo olólùfẹ́ rẹ̀. Irọ́ kékeré kan ló kù kí bàbá gbà.

"Kò mọ̀, sà," ọ̀dọ́mọkùnrin dáhùn. "Èmi náà ò mọ̀. Ọmọ yín ló mú un jáde."

Olóòtú kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ̀rọ ló hun ún, èmi ni mo yàn án. Ọkùnrin yìí náà, èmi ni mo yàn án."

Bàbá nu ojú rẹ̀.

"Lọ sọ fáwọn òbí rẹ pé mò ń retí wọn," ó sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin. "Ṣùgbọ́n fi bébà yẹn sílẹ̀."