Nọ́ḿbà Màmá Aishat

"Mẹ̀dínátù, ṣé àgbẹ̀ kankan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lo ìkànnì yìí?"

Tíṣà Abọ́dúnrìn ló béèrè bẹ́ẹ̀, ní kíláàsì kọ̀ǹpútà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe fún àwa ọmọ ilé ìwé girama ní Ìlaròó. Gbogbo ojú wà lára mi. Kí n wá sọ òótọ́? Èmi tí mo ti ń yangàn kiri pé kò sẹ́ni tó mọ kóòdù kọ tó mi!

"Wọ́n ti lò ó, sà. Àwọn mẹ́ta."

Irọ́ gbuu ni. Nọ́ḿbà fóònù tèmi nìkan ni mo fi dán an wò, ó sì ṣiṣẹ́ wẹ́kú. Tíṣà gbà mí gbọ́, ó ní ká gbé e síta fún àwọn àgbẹ̀.

Ìkànnì náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Láti ìgbà tí ìjọba ti ti ẹnubodè pa lọ́dún 2019, àwọn oníbàárà láti ilẹ̀ Benin kò lè wá ra irè oko ní Ẹ̀gùá, ìlú tó wà nítòsí ẹnubodè, mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣe é. Àgbẹ̀ á kọ orúkọ, nọ́ḿbà àti ohun tó fẹ́ tà síbẹ̀, àwọn oníṣòwò Abẹ́òkúta á rí i, wọ́n á sì gbé ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ọkọ̀ kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Màmá Aishat, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, pè mí láti Ẹ̀gùá. Ogún apẹ̀rẹ̀ tòmátò ló ti ká sílẹ̀.

"Ọmọ mi, nǹkan yín yìí ò gbà mí o. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó kàn ń pariwo mọ́ mi ni."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni, Màmá. Ẹ tún un tẹ̀."

Mi ò tilẹ̀ béèrè ohun tó rí. Kí ni màmá àgbà mọ̀ nípa kóòdù?

Ọkọ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì lọ. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bàbá mi ní kí n lọ kí Màmá Aishat. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá ọ̀kadà wa dúró nígbà mẹ́ta. Kí n tó sọ̀kalẹ̀ ni òórùn tòmátò jíjẹrà ti gbà mí nímú. Omi pupa ń ṣàn lábẹ́ àwọn apẹ̀rẹ̀.

Màmá Aishat ò bú mi. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Bá mi tẹ̀ ẹ́, ìwọ tó mọ̀ ọ́n."

Mo tẹ nọ́ḿbà rẹ̀. Lẹ́tà pupa yọ gàdàgbà: ÀṢÌṢE! LỌ TÚN UN ṢE! Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Mo ka fígọ̀ nọ́ḿbà náà. Mẹ́jọ péré. Háà! Síìmù ilẹ̀ Benin ni! Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiwa kì í dé oko wọn, ti òdìkejì ló ń mú níbẹ̀. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Èmi gan-an mọ̀. Síbẹ̀, mo ní kí kóòdù mi má gba nọ́ḿbà kankan tí kò bá pé fígọ̀ mọ́kànlá.

"Màmá, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni." Ẹkún gbọ̀n mí. "Mo tún purọ́ fún tíṣà wa pé àwọn àgbẹ̀ ti lò ó."

Ó wo àwọn apẹ̀rẹ̀, ó wò mí. "Ẹ ò ṣe wá bi wá? Ṣé a jìnnà ni?"

Lọ́jọ́ Ajé, mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Tíṣà Abọ́dúnrìn ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èyí táwọn èèyàn ń lò lọ́wọ́. Kí n ṣe àtúnṣe sí ẹ̀dà rẹ̀, kí n gbé e lọ sí Ẹ̀gùá, kí n jókòó ti àwọn tó máa lò ó, kí n panu mọ́, kí n máa wo ọwọ́ wọn.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyà jẹ mí láti panu mọ́! Ẹnì kan fi àlàfo sáàárín nọ́ḿbà rẹ̀, ẹlòmíràn kọ orúkọ òun àti ti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì jẹ́ kó máa gba nọ́ḿbà ilẹ̀ Benin. Mo pa ariwo pupa yẹn rẹ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Nọ́ḿbà yìí kò pé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà."

Tíṣà fi ẹ̀dà náà rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ dúró nílé mẹ́rìnlá ní Ẹ̀gùá. Màmá Aishat ò ní nǹkan kan láti tà mọ́. Ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń júwe ilé àwọn ẹlòmíràn fún dírẹ́bà.

Mo ṣì mọ kóòdù kọ o, mo tún mọ̀ ọ́n ju tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun yòówù kẹ́ ẹ ṣe fún èèyàn, ẹ jẹ́ kó lò ó lójú yín kẹ́ ẹ tó ní ó ti parí. Bí ẹ ò bá sì tíì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ sọ pé ẹ ò tíì ṣe é. Ojú tì mí láti sọ ọ́, Màmá Aishat ló sì jìyà rẹ̀.