Iṣan Inú Ẹran Hàwáwù

Ọkùnrin kan ń fi ìka tẹ ẹran bí ẹni ń wá èkúté lábẹ́ ẹní.

Hàwáwù ń ṣọ́ ọ láti ẹ̀yìn pẹpẹ ẹran rẹ̀ ní Adéníji Adélé. Irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti ń funfun, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. Opó ni Hàwáwù. Ó máa ń ṣọ́ra fún ọkùnrin tó bá ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀.

"Àlájà, mo fẹ́ itan tí ẹ ò tíì gé. Kẹ́ ẹ bá mi fi iṣan gígùn kan sí i."

"Mi ò tíì dé Mẹ́kà. Ọbẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi iṣan sè?"

"Kì í ṣe ọbẹ̀. Àwọn dókítà ló fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́."

Hàwáwù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé ìka ara rẹ̀.

Mùsílíù lorúkọ ọkùnrin náà. Òun ló ń tọ́jú yàrá tí àwọn dókítà ti ń kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù kan nítòsí. Ẹran ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gún, kí wọ́n tó gún èèyàn. Ẹ̀rọ síkáànù á fi inú ẹran hàn nínú tẹlifíṣọ̀n kékeré. Iṣan ẹran ló dúró fún iṣan apá èèyàn; abẹ́rẹ́ oògùn tó ń pa ìrora gbọ́dọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ wọnú rẹ̀.

"Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n ṣe," ni Mùsílíù wí, "apá nìkan ló máa sùn. Aláìsàn ò ní sùn."

Hàwáwù rọra fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ ìborùn. Kókó kan ti yọ ní ọrùn ọwọ́ náà, ọbẹ sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un ní ọsibítù pé kó wá gba iṣẹ́ abẹ, ó ń sá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn fún iṣẹ́ abẹ nígbà kan, kò jí mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, Mùsílíù padà wá, ẹ̀rín ti kúrò lójú. Tẹlifíṣọ̀n ń funfun báláú, Dókítà Ìrètí tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ò rí iṣan kankan. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ inú ẹran ló ń bo ẹ̀rọ lójú.

"Báwo lẹ ṣe ń ki iṣan bọ ẹran?" ni Hàwáwù bi í.

"Mo máa ń fi ọbẹ là á ni."

"Ẹ̀hẹn! Ẹ ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Inú omi ló yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe é."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi hàn mí."

Ẹ̀rù ba Hàwáwù. Ó lọ ṣá. Inú bàsíà omi ló ti ki iṣan bọ ẹran, iṣan náà sì yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ó rí roboto bí ojú ẹja. Dókítà Ìrètí, ọ̀dọ́bìnrin tí òógùn bò, gún un lẹ́ẹ̀mẹwàá níṣojú ọ̀gá rẹ̀. Hàwáwù ń kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni abẹ́rẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan.

Ó bá na ọwọ́ rẹ̀ síta.

"Dókítà, ẹ wo tèmi."

Mùsílíù ò yéé wá ra ẹran títí di oṣù kẹta. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, Dókítà Ìrètí gún Hàwáwù lábẹ́rẹ́; apá sùn, Hàwáwù ò sùn. Wọ́n gbà kí Mùsílíù jókòó tì í.

"Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀," ni Hàwáwù wí, "kí n lè mọ̀ pé mo ṣì wà láyé."

"Ṣé kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi?"

"Ẹ ti tẹ ẹran mi fún oṣù mẹ́ta. Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ẹ máa fẹ́ mi, Àlájà?"

Dókítà Ìrètí rẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbomú.

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi jí ná. Ọwọ́ tó sùn kì í gba nǹkan."

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kókó ti kúrò, àtàǹpàkò sì mira. Mùsílíù tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dúró. Ìka Hàwáwù bẹ̀rẹ̀ sí í jí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rọra ká mọ́ ọwọ́ Mùsílíù, wọ́n sì dì í mú.

"Ó ti jí," ni Hàwáwù wí. "Ẹ lọ bá àwọn ẹbí mi ní Ìdúmàgbò, kí wọ́n mú ọjọ́ yìgì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ẹ má gbé ẹran tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ wá síbẹ̀."