Ejẹ́ǹtì Tí Aasiyah Mú Wọlé

"Mọ̀dínátù, ìwọ ni ò fẹ́ kí n sùn sílé ara mi kí n tó kú."

Ojú àlejò ni Zikrullah ti sọ ọ̀rọ̀ yìí sí ìyálé rẹ̀, ní pálọ̀ ilé tí wọ́n háyà ní Ìgandò. Kò mọ̀ pé iná ti ń jò lábẹ́ àga tí òun jókòó lé.

Kí ni Mọ̀dínátù ṣe? Ìbéèrè ló béèrè. Aasiyah, ìyàwó kékeré, ló mú ejẹ́ǹtì kan wálé, Ọláoyè lorúkọ rẹ̀. Ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni, ó sì ti rí ilé tí wọ́n ń tà l'Ẹ́gbẹ́dá. Mọ̀dínátù wá rọra bi ejẹ́ǹtì pé ta ló ni ilé, ṣé àwọn lè fojú kàn án. Ọláoyè rẹ́rìn-ín, ó ní onílé wà lókè òkun. Aasiyah pòṣé, ó ní ìlara ló ń da ìyálé òun láàmú.

"Kò burú," ni Mọ̀dínátù wí. "Ẹ dárúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí ẹ ti bá wá ilé rí."

Ọláoyè wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Lójú tiẹ̀, kí ni obìnrin tí kì í kúrò nídìí máṣíìnì ìránṣọ fẹ́ mọ̀? Ó dárúkọ Naomi, tíṣà kan n'Ídìmú.

Láti ọjọ́ náà ni Zikrullah ò ti jẹ oúnjẹ Mọ̀dínátù mọ́. Mọ̀dínátù fara dà á, ṣùgbọ́n ó lọ s'Ídìmú. Iléèwé kan dé èkejì ló ń béèrè, títí ó fi rí Naomi, ọmọ Èkìtì. Naomi sọ fún un pé yàrá tí Ọláoyè gbà fóun l'éṣìí, ó ti kọ́kọ́ gbà á fún ẹlòmíì, inú òjò lonílé da ẹrù òun sí. Mọ̀dínátù bẹ̀ ẹ́ kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọkọ òun.

Ọjọ́ tí Zikrullah fẹ́ sanwó gan-an ni Mọ̀dínátù àti Naomi wọlé. Aasiyah ń bu omi fún Ọláoyè. Ojú Naomi kọ́kọ́ bà lé Aasiyah.

"Ìyàwó ejẹ́ǹtì," ló wí, "ṣebí ẹ̀yin àti ọkọ yín lẹ jọ gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́."

Mọ̀dínátù fúnra rẹ̀ ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. L'éṣìí kẹ̀? Aasiyah ti wà nílé Zikrullah nígbà náà! Ọ̀dàlẹ̀ obìnrin náà búra pé òun ò mọ tíṣà rí. Ibi tó ti ń búra ni Ọláoyè ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, bó ṣe dé ìta ló ki eré mọ́lẹ̀.

Ni Aasiyah bá lọgun tẹ̀lé e. "Ọláoyè, èmi ńkọ́? Àwa méjèèjì la jọ dá a lábàá láti gba owó yìí!"

Ẹnu ara rẹ̀ ló pa á. Àwọn ará àdúgbò mú Ọláoyè ní géètì, wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Aasiyah ti ń di ẹrù, kò sẹ́ni tó bá a gbé e.

Zikrullah dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyálé rẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Bàbá Mardiyah, ẹ dìde," ni Mọ̀dínátù wí. "Ẹ fún àlejò mi ní àga. Orí ìdúró ló ṣì wà."