Ọkọ Tóyìn Dalẹ̀ ní Vénissieux

Ìwọ tí wọ́n ti dà rí, jókòó kí o gbọ́ ọ̀rọ̀ Tóyìn, ìyá aláṣọ ní Iweka Road, ní Onitsha.

Ogun abẹ́lé ti parí, owó epo ti dé, gbogbo ìlú ń kọ́lé. Ilé iṣẹ́ tí Olúwọlé ọkọ rẹ̀ ti ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé fún ọdún méjì. Vénissieux ni wọ́n fi í sí, ìlú kékeré kan lẹ́yìn odi Lyon, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé nínú ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, tòun ti kóòtù, níwájú ilé gíga náà. Ẹni tó bá wá ra yáàdì méjì lọ́wọ́ Tóyìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo Vénissieux.

Ọdún méjì pé, Olúwọlé kò dé. Adégbìtẹ́ tí wọ́n jọ lọ ló dé. Kò lè wojú Tóyìn.

"Ìyàwó wa, ẹ má dúró dè é mọ́. Ó ti fẹ́ obìnrin kan níbẹ̀, wọ́n sì ti bímọ. Àjà kẹsàn-án ni wọ́n ń gbé."

Ó dun Tóyìn dé egungun. Kò lè jẹun, kò lè kí èèyàn. Nígbà tó yá, ẹkún di ìbínú. Oníṣègùn kan ní Nkpor, nítòsí Onitsha, ṣèlérí pé bí ó bá mú fọ́tò náà wá, orí Olúwọlé yóò dàrú kí oṣù tó pé. Tóyìn di fọ́tò mọ́ etí aṣọ, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní àdúgbò Odoakpu ló ti pàdé Màmá Ifeoma, aládùúgbò rẹ̀, onígbàgbọ́ tòótọ́. Kò lè pa á mọ́ra. Ó sọ ibi tó ń lọ fún un ní èdè Ìgbò.

"Nwanne m, ọmọ ìyá mi," ni Màmá Ifeoma wí, "níbo ni maṣíìnì ìránṣọ mi wà?"

Nígbà tí Tóyìn ń sá fún ogun lọ sí Òṣogbo, obìnrin yìí ló ní kó bá òun tọ́jú maṣíìnì náà. Tóyìn tà á. Nígbà tó padà, ó ní àwọn sójà gbà á lọ́nà.

"Ẹ̀bùn ọmọbìnrin rẹ ti sọ fún mi lọ́sẹ̀ tí ẹ dé pé o tà á ni. Ebi ń pa wá, ilé mi ti jóná, ohun kan ṣoṣo tí mo ní nìyẹn. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n Jésù dárí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi jì mí, mo sì dárí jì ọ́. Àbí kí èmi náà máa lọ sí Nkpor nítorí tìrẹ ni?"

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Tóyìn. Ọ̀dàlẹ̀ lòun náà, ẹni tí òun dà sì ń kí òun káàárọ̀ lójoojúmọ́. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, lójú àwọn tó ń kọjá.

"Màmá Ifeoma, èmi ni mo tà á. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run."

Wọ́n jọ gbàdúrà. Tóyìn fi ayé rẹ̀ fún Kristi lọ́jọ́ náà. Olúwọlé kò padà wá, ó sì ṣì ń dun Tóyìn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò dé Nkpor.

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ náà ńkọ́, ta ni o ṣẹ̀? Jésù, tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹnu kò lẹ́nu láti fi tà á, mọ bí ó ṣe ń dunni. Ó kú fún ẹni tí wọ́n dà, ó sì kú fún ọ̀dàlẹ̀. Má ṣe ní ó dọ̀la. Níbi tí o jókòó sí yìí, sọ orúkọ ẹni tí o ṣẹ̀ fún Jésù, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì ọ́.