Ọ̀gá Àgbà Kò Kú

"Má fọwọ́ kan ìwé yìí o," ni Bàbá wí fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wá bá a níbi iṣẹ́, ó fi ife tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì. "Mi ò tíì gbóhùn ará ilé wọn."

Ó ti lé lógún ọdún tí Bàbá ti ń ka ìkéde òkú nílé iṣẹ́ rédíò ìlú. Kì í ka ọ̀kankan láìkọ́kọ́ bá ará ilé olóògbé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí òkú fúnra rẹ̀ bá mú ìkéde wá, Bàbá á ní kó lọ pe ìyàwó ẹ̀ wá.

Ọmọ Bàbá yìí, tó kù díẹ̀ kó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ń gbé ìròyìn ìlú sójú ewé tirẹ̀ lórí fóònù. Akọ́kọ́gbọ́ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, orí rẹ̀ sì ń wú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò kan ti sọ fún Bàbá pé, "Ìròyìn yín ti kàsì bá wa o! A ti rí i lójú ewé ọmọ yín láàárọ̀."

Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé ọ̀gá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ ìdajì ìlú níwèé, ti kú sílé ìwòsàn. Bí Bàbá ṣe wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọmọ náà. "Bí mi ò bá gbé e, ẹlòmíì á gbé e," ló wí lọ́kàn. Ó gbé ife kúrò, ó fi fóònù ya àwòrán ìwé náà, ó gbé e jáde. Kí Bàbá tó padà, ẹgbẹ̀ta èèyàn ti pín in káàkiri.

Ọ̀gá àgbà kò kú. Ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kú, ẹnì kan tó wá kí aláìsàn ló ṣì í mú fún un, tó sì kọ ìwé náà ránṣẹ́ sí rédíò. Ṣùgbọ́n ìyàwó ọ̀gá àgbà, tó sáré lọ mú aṣọ nílé, ti rí i lórí fóònù. Ibẹ̀ ló ṣubú sí. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n gbé e lọ. Apá ọ̀tún rẹ̀ kò mì mọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà kọ ọ́ síta pé irọ́ ni. Èèyàn mọ́kànlá ló pín ìyẹn. Bàbá ṣe àtúnṣe lórí rédíò, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé irọ́ náà kiri kì í gbọ́ rédíò mọ́. Lọ́jọ́ kejì, èrò ṣì ń wá kẹ́dùn nílé ọ̀gá àgbà.

Bàbá mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ náà kúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì ọ̀gá àgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì mí. Mo fẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e ni."

"Kó o kọ́kọ́ gbé e dé ibo, ọmọ mi?" ni ọ̀gá àgbà béèrè. "Ẹgbẹ̀ta èèyàn ló kí mi pé ó dàárọ̀. Mo kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá òótọ́ ni."

Ó ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn ti òun lọ sọ́dọ̀ ìyàwó òun. Màmá náà fi ọwọ́ òsì kan ojú ọkọ rẹ̀ wò, ó ń fọwọ́ kàn án títí, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó la ẹnu láti pè é, ohùn kò jáde.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ti wá yé e báyìí: ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Fóònù kò yí ìyẹn padà. Kí èèyàn tó tan ọ̀rọ̀ kálẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ béèrè, torí ẹni tí irọ́ bá ti dá lulẹ̀, àtúnṣe kì í gbé e dìde.