Ìlà Mẹ́rin Lójú Gíláàsì

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, nígbà tí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ni ayafọ́tò kan kọ́kọ́ rí i. Inú kámẹ́rà ni ó ti rí i. Kámẹ́rà àtijọ́ olójú méjì ni, èyí tí ènìyàn ń tẹrí ba wò láti òkè, tí gíláàsì orí rẹ̀ sì máa ń sọ ọ̀tún di òsì. Obìnrin gíga kan gba inú gíláàsì náà kọjá bí ẹja inú omi. Ọkùnrin náà yíjú sí òsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kí ògiri.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ wọlé."

"Mo ti wọlé," ni obìnrin náà dáhùn láti ọ̀tún. "Àbí ògiri ni ẹ fẹ́ yà?"

Aránṣọ ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá bàbá rẹ̀ dùbúlẹ̀ ní òkèèrè, òun nìkan ṣoṣo ni bàbá náà sì bí. Fọ́tò ìwé ìrìnnà ni ó wá yà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà dá fọ́tò tí ọkùnrin náà yà padà: ní àkọ́kọ́, orí ga jù, ní èkejì, èjìká kan kò sí. Gíláàsì kámẹ́rà náà dọ́gba ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n fọ́tò tóóró ni ọ́fíìsì ń fẹ́, ìfojúdá lásán ni ọkùnrin náà sì ń lò.

"Bọ̀dá Fọ́tò, èmi kì í gé aṣọ oníbàárà láìkọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fà á nílà. Ẹ̀yin wá ń gé orí ọmọ ọlọ́mọ láìṣàmì?"

"Orí tí ó tóbi tó báyìí, ṣọ́ọ̀kì wo ni yóò tó o?"

"Ẹ máa bú mi lọ. Ẹ sáà wá ike tí ó mọ́ gaara."

Wọ́n gé ike náà kí ó lè bá gíláàsì kámẹ́rà mu, kí wọ́n lè fi í lé e lórí. Obìnrin náà fi abẹ́rẹ́ fa ìlà mẹ́rin sí i: ti orí, ti àgbọ̀n, àti ti èjìká méjèèjì. Ọkùnrin náà fi tàdáwà dúdú ra á. Ìlà ti ike àkọ́kọ́ wọ́. Ti èkejì nípọn jù, ó bo etí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, iṣẹ́ tí kò yẹ kí ó gbà ju ọ̀sán kan lọ. Wọ́n ti fẹ́ràn ara wọn. Wọ́n sì mọ̀ pé bí ìlà bá ti pé, ìyapa dé. Ọkùnrin náà kò lè bá a lọ. Ìyá rẹ̀ tí kò ríran mọ́ wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ohùn ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó sì gbẹ́kẹ̀ lé.

Ní ọjọ́ tí ọ́fíìsì yóò gba fọ́tò kẹ́yìn fún ọdún náà, obìnrin náà jókòó. Ọkùnrin náà wọlé lọ mú fíìmù. Nígbà tí ó padà tẹrí ba wo gíláàsì, ike náà ti kúrò ní àyè rẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú èékánná kan.

"Aránṣọ mi."

"Hùn."

"Ta ló sún ìlà yìí?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kámẹ́rà?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí omi fi lé ròrò sí i lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dá a padà, kì í ṣe èmi ni mo kọ̀ tí n kò lọ."

"Bàbá ń kọ́?"

"Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá pe orúkọ mi lánàá."

Láti yàrá ẹ̀yìn, ìyá arúgbó wúkọ́, ó sì pe ọmọ rẹ̀. "Mo wà níbí, Màámi," ni ó dá a lóhùn. Ó tún tẹrí ba wo ike náà. Bí ó bá yà á bẹ́ẹ̀, obìnrin yìí yóò di aya rẹ̀ kí ọdún tó parí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí arúgbó bá pe ọmọ nínú ilé yìí, obìnrin náà yóò máa gbọ́ ohùn bàbá tí òun kò dá lóhùn.

Ó fi èékánná ti ike náà padà sí àyè rẹ̀.

"Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, olùfẹ́ mi," ni ó wí, ó sì ya fọ́tò náà.