Ẹsẹ̀ Tó Kán Nínú Lẹ́tà

"Màmá mi ọ̀wọ́n, ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti kán sí méjì. Dókítà àgọ́ ológun wa ní bí n kò bá tètè rí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn, mílíìkì alágolo àti ọṣẹ olóòórùn dídùn, egungun náà kò ní so pọ̀."

Ìyá aránṣọ ń ka lẹ́tà náà sókè fún àwọn oníbàárà rẹ̀, omijé ń kán sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò tíì kà á tán nígbà tí ọmọ tó ni ẹsẹ̀ náà fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé, orí rẹ̀ fífá, bàtà ológun lẹ́sẹ̀, ó ń tẹlẹ̀ kì, kì, kì bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́.

Oníbàárà kan ní, "Ọṣẹ yìí mà lágbára o. Ẹ ò tíì fi ránṣẹ́, egungun ti so."

Ìyá kò rí ẹ̀rín rín. Ó fò mọ́ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà dúró gbagidi bí òpó iná.

"Àpótí mi ni mo wá gbé," ló wí. "Wọ́n fún wa láàyè kí á jáde fúngbà díẹ̀. Ilé ọ̀rẹ́ mi ni màá sùn. Mi ò fẹ́ dà yín láàmú."

"Dà mí láàmú báwo? Ta ló kán lẹ́sẹ̀?"

"Mi ò mọ ẹni tó kán lẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ̀wé pé ọmọ tó bá lọ ṣe sójà kì í ṣe ọmọ yín mọ́. Ẹ ní tí mo bá fẹ́ kẹ́ ẹ dárí jì mí, kí n máa fi owó oṣù mi rán Sájẹ́ǹtì sí yín. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ò sì dárí jì mí."

Ó fa lẹ́tà kan yọ lápò, ó jù ú sórí tábìlì ìgéṣọ. Ìyá gbé ti ọwọ́ rẹ̀ tì í. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú wọn dà sápá òsì bí koríko tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. "Màmá mi ọ̀wọ́n" níhìn-ín, "Ọmọ mi àtijọ́" lọ́hùn-ún.

"Sájẹ́ǹtì!" Ìyá aránṣọ lọgun.

Ta ni kò mọ Sájẹ́ǹtì ládùúgbò náà? Káakí rẹ̀ máa ń gún régé, ẹ lè fi etí ṣòkòtò rẹ̀ gé búrẹ́dì. Nítorí pé wọ́n ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun tuntun ní àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, aláàánú yìí ti yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ó sọ fún àwọn òbí pé òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, àmọ́ gbogbo ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ṣì ń bẹ̀rù òun. Ó sọ fún àwọn ọmọ, nígbà tí wọ́n bá jáde sáré láàárọ̀, pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ló rán òun. Ó ń gba lẹ́tà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ òsì, ó sì tún ń fi inú rere bá gbogbo wọn tún ọ̀rọ̀ wọn kọ kó lè dùn sí i.

Bàbá onígbàjámọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì gbọ́ ariwo, ó yọjú tòun ti abẹ lọ́wọ́. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Ó sọ fún mi pé ọmọ mi jí aago ọ̀gá àgbà, pé wọ́n ti tì í mọ́lé. Mo ta àga mi kan kó lè bá mi bẹ̀ wọ́n. Ojú tì mí, mi ò lè sọ fún ẹnì kankan."

"Ọmọ yín, Bàbá?" Ẹnu ya ọmọ ogun náà. "Òun ló ń fun fèrè tó ń jí gbogbo wa láàárọ̀! Kò sẹ́ni tí kì í ṣépè fún un, àmọ́ olè kọ́."

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí. "Ẹ má pariwo. Sájẹ́ǹtì ń bọ̀ wá fá irùngbọ̀n nísinsìnyí."

Wọ́n ránṣẹ́ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ ogun fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Sájẹ́ǹtì dé, ó jókòó, wọ́n so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n fi ìfóòfó ọṣẹ kun ún lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Bàbá, ìgbà kẹta tí ẹ fi ọṣẹ kùn mí nìyí."

"Ara ti ń dàgbà."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ti ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ọmọ yín."

Bàbá kò lè mú un mọ́ra. "Aago tó jí yẹn, irú aago wo ni?"

"Aago wúrà ni."

"Fàdákà lẹ wí lọ́jọ́sí."

Sájẹ́ǹtì gbójú sókè wo dígí. Ó rí bàtà ológun lábẹ́ kọ́tìnì. Kí abẹ tó tún kàn án, ó ti wà lójú títì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan fífá, ìkejì kún fún ọṣẹ, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ó gba àárín pákó àwọn káfíńtà kọjá. Ó kó sínú takisí kan. "Wá gbé mi lọ! Àwọn adigunjalè ń lé mi!"

Awakọ̀ wò ó látòkèdélẹ̀. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ti fẹ́ fi ọṣẹ ba àga mi jẹ́."

Ó gba ilẹ̀kùn kejì jáde gẹ́lẹ́ bí ọwọ́ ọmọ ogun ṣe ba etí aṣọ náà. Aṣọ já sí ọmọ náà lọ́wọ́, Sájẹ́ǹtì ti ń gun òkè lọ. Ibẹ̀ ni ìwà akin parí sí. Akọni tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹsẹ̀ rìn la aginjù já kò lè gun òkè ọ̀hún dé ìdajì. Ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń mí bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ.

"Omi," ló wí.

"Ẹ dìde, Sájẹ́ǹtì," ni ọmọ ogun náà wí. Kò tilẹ̀ làágùn. "Wọ́n máa ń ní ká sáré gun irú òkè yìí títí ilẹ̀ á fi mọ́."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàábìnrin kan jókòó tì í.

"Nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ?"

"Àṣírí ìjọba ni."

"Ogun wo lo jà?"

"Ó pọ̀."

"Ta lo bá jà?"

"Àwọn ọ̀tá."

"Ó dáa. Dìde, kí mi bí sójà."

Ó gbé ọwọ́ òsì lé iwájú orí. Ọmọ ogun di ojú, ojú ń tì í bá a.

"Búrẹ́dì ni mò ń tà lẹ́nu géètì wọn," ni Sájẹ́ǹtì wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Mo fẹ́ wọṣẹ́ ológun, wọn ò gbà mí. Àwọn ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ fún mi ní lẹ́tà fúnra wọn."

Wọ́n kó bùláńkẹ́ẹ̀tì, mílíìkì àti ọṣẹ jáde ní yàrá rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún bá àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojúlówó lẹ́tà àwọn ọmọ ló kún inú rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò jó wọn?"

"Mo ń kà wọ́n ni, kí n lè mọ bí ọmọ ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Akẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì," ni ọlọ́pàábìnrin wí, ó sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Bàbá onígbàjámọ̀ gba ti ọmọ rẹ̀, ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu imú. Ìyá aránṣọ ṣí tirẹ̀. Kò gùn. "Màmí, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́, wọ́n ń fún wa lóúnjẹ. Ẹ ṣáà kọ̀wé. Mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ yín lójú oorun."

"Màmí ló ń pè mí," ló wí. "Kò pè mí ní ọ̀wọ́n rí láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Báwo ni mi ò ṣe mọ̀?"

Ọmọ rẹ̀ wá dúró tì í, ó gbé orí fífá náà lé e léjìká.

Sájẹ́ǹtì wá tọrọ bébà. Ó ní ìyá òun tó wà lábúlé gbà pé sójà lòun. Wọ́n fún un. Ó kọ ọ́ wàràwàrà, ọlọ́pàábìnrin sì kà á láti òkè orí rẹ̀: "Màmá mi ọ̀wọ́n, wọ́n ti gbé mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pàtàkì kan. Ààbò ibẹ̀ le gan-an, wọn kì í jẹ́ ká jáde."

Ọlọ́pàábìnrin fa bébà náà ya. "Kọ òótọ́."

Wọ́n fi í sílẹ̀ síbẹ̀, bébà funfun níwájú rẹ̀, kálàmù ò kúrò lójú kan.

Lójú ọ̀nà ilé, ọmọ ní, "Ẹ ó wá wò wá lọ́jọ́ tí a bá parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí a máa yan jáde?"

"Ta ló fẹ́ dá mi dúró? Gbogbo yín lẹ ṣáà fárí. Tí mi ò bá dá ẹ mọ̀, màá pariwo 'ọkọ mi'."

"Màmí! Níwájú ọ̀gá wa?"

Ìyá kò gbọ́. Ó ti ń ro irú aṣọ tí òun máa rán wọ̀ lọ.